Aṣọ Inú Àpótí Ìyá Sàfú

Àwọn ọmọ mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ Ajégúnlẹ̀, àti pé ní báyìí tó ti lọ, èmi nìkan ló kù tó mọ bí a ṣe gbé níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún kejì tí mo sin Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi rèé, mi ò sì tíì lè jókòó sójú kan kí ó pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń kọ èyí. Mo máa ń dìde, mo máa ń rìn yí ilé ká, kí n tó tún padà wá jókòó.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dahomey nígbà náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Fadá ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni mo ti kàwé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi. Mi ò ní sọ bí mo ṣe rin ìrìn dé Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ọ̀nà yẹn, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo dé ni mo fẹ́ sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé n kì í ṣe Yorùbá mọ́. Ní Kétu, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Ifẹ̀ ni a ti wá. Ní Èkó, bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní, ẹ wo Ègùn yìí bó ṣe ń gbọ́ Yorùbá. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé Ègùn yàtọ̀, Kétu yàtọ̀. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Ní ọ́fíìsì, Mùsíyé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ni orúkọ mi. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí àwọn Ijaw, Ùròbò, Ìgbò àti Ìlàjẹ ti jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, Kotonú ni mo ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì fẹsẹ̀ kan ìlú náà láyé mi.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi gba ẹrù jáde ló gbà mí síṣẹ́, ní Warehouse Road ní Àpápá. Bí ọkọ̀ bá ti Àbíjàn tàbí Dàkárì dé, èmi ni mo máa ń tú ìwé ẹrù rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ. Láàárọ̀, màá gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà kọjá, màá yẹra fún ẹrẹ̀ àti ẹja tí wọ́n ń yan, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á kàn yí padà lójijì. Màá bọ́ sí àdúgbò àwọn máńjà, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ koríko bí ẹni ń gẹ irun, tí àwọn mẹgàádì ń fi ojú bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ní òórùn kankan. Mo máa ń rò ó pé ìlú méjì ni mò ń gbé lójoojúmọ́, pé kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn.

Nígbà tí mo ní yàrá tó ṣeé gbé, mo ránṣẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàfú ni yàrá náà wà. Ọmọ Àwórì ni, Mùsùlùmí, opó, òun ló ni ilé. Sàfú ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ ní Àgbádárìgì. Obìnrin gbọọrọ tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ ni Ìyá Sàfú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ló gba ẹrù orí rẹ̀. Ó wo ìyàwó mi láti òkè délẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

Ó ní, "Kotonú, ó ti rù jù. Ṣé ẹ kì í jẹun lọ́hùn-ún ni?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàrin oṣù díẹ̀, wọ́n ti jọ ń lọ ọjà, wọ́n ti jọ ń bá ara wọn jà lórí iyọ̀.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ lóyún àkọ́kọ́, òórùn Ajégúnlẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Gọ́tà wà lẹ́yìn fèrèsé wa, èéfín ẹja wà níwájú. Ohunkóhun tó bá jẹ, á bì í. Ìyá Sàfú ló mú káńfọ̀ kan wá, kóró funfun róbótó yẹn, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró ìyàwó mi, ó ní bí òórùn bá ti dé, kó gbé e símú. Ó ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ kì í kúrò ní ìṣẹ́tí ìró. Bí ó bá ń gbálẹ̀, bí ó bá ń gbàdúrà, á gbé e símú.

Ẹni tó bá gbé ayé nígbà náà yóò rántí. Lọ́jọ́ ọdún tàbí lọ́jọ́ ìsinmi, bí ènìyàn bá jáde nínú aṣọ rẹ̀ tó dára jù, òórùn káńfọ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Aṣọ tí kò bá rùn bẹ́ẹ̀, aṣọ ojoojúmọ́ ni. Kò sí àpótí tí kò sí nínú rẹ̀, nítorí aáyán àti kòkòrò. Bí ẹnìkan bá ṣí àpótí rẹ̀ nítorí rẹ, tí ó mú aṣọ tó ń rùn bẹ́ẹ̀ bò ọ́, ó ti sọ ọ́ di ẹni tirẹ̀ nìyẹn.

Ní ìlú wa, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ló máa ń gbé aṣọ àkọ́kọ́ ọmọ wá. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti kú. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá tèmi ní Kétu, kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìyá Sàfú gbọ́, ó bínú sí wa. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé ẹ ò ní ìyá níbí ni? Ta wá ni èmi tí ẹ ń bá gbé?"

Ọkùnrin ni a bí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e ti ilé ìgbẹ̀bí dé, Ìyá Sàfú fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára títí ó fi ń dán, ó wọ ẹ̀wù kékeré kan fún un, ó dé e ní fìlà, ó fi aṣọ òfì tó ti gbó díẹ̀ wé e. Gbogbo yàrá ń rùn káńfọ̀. Inú mi dùn. Mo rò nínú ara mi pé ọmọ mi ti ní ilé.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí ẹni pé wọ́n kán epo sí i. Nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí ní ibà pọ́njú ni, ó ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. A gbé e sí oòrùn. Ìyá Sàfú ń pààrọ̀ aṣọ fún un láti inú àpótí, kí ó má baà tutù. Lẹ́yìn náà, ọmọ kò mu ọmú mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ kọrọdọ sẹ́yìn, ẹkún rẹ̀ sì tínrín bí ti ẹyẹ. Nígbà tí a fi gbé e dé ọsibítù ńlá, wọ́n ní ó ti pẹ́. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọn kì í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, a ò sì fún un.

Máńjà mi jẹ́ kí n lo tẹlifóònù ọ́fíìsì. A ti bá ìyá mi ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ pé ní ọjọ́ báyìí, kó wá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu, nítorí ó fẹ́ gbọ́ orúkọ tí a sọ ọmọ. Wáyà ń hó bí òjò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kí mi, tó ń kí ìyàwó, tó ń kí ọmọ tuntun. Mo sọ fún un. Ẹni tó ń so wáyà pọ̀ ní Kotonú bi wá ní èdè Faransé bóyá a ti sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jókòó. Bí iṣẹ́ bá parí, n kì í lè lọ tààrà sílé. Màá rìn lọ sí ẹ̀bá èbúté, màá wo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n to síta lójú omi tí wọ́n ń dúró de àyè. Nígbà mìíràn màá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Màrínà, màá tún wọ ọ́ padà, láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé ká padà sí Kétu. Ó bi mí pé kí la fẹ́ mú dání padà. Ó ní ibí yìí la sin ín sí, òun kò ní fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo rò pé ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ni ilé rẹ̀. Mo wá rí i pé ilẹ̀ lè gba ènìyàn láti ọ̀nà mìíràn, kó má sì bi í bóyá ó fẹ́.

Ó pẹ́ kó tó tún lóyún. Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn ará Èkó ń sá sókè sá sódò lójú títì, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ wò. Èmi tí mo dàgbà nílẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti mọ̀ láti ilẹ̀ wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mò ń fa àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́ sọdá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mùsíyé, wọ́n kúkú ti sọ gbogbo wa di Ègùn." A rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo gbé e délé fún Àbẹ̀kẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ símú, nítorí èébì ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ kó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò. Ọsibítù ńlá ni mo mú un lọ, mo sì gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá a lọ. Dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin, kò tíì dàgbà púpọ̀. Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe jókòó, ó dáwọ́ ìwé tó ń kọ dúró.

"Mà, kí lẹ so mọ́ ìró yín?"

Àbẹ̀kẹ́ ní káńfọ̀ ni, ó ń bá òun lé èébì.

"Ẹ tú u. Ẹ kó o fún mi."

Ó jù ú síta, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi wá nípa ọmọ àkọ́kọ́. A sọ ọ́. Ó bi wá irú aṣọ tí a wọ̀ fún un, ibi tí a ti mú un, àti ohun tí a fi pa á lára. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá àwọn òbí tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba káńfọ̀, a ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n. Ohun tí ìyá ń fà símú ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú. Bí a bá wá bí i tán, tí a wé e nínú aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé, á máa fà á símú, á sì máa gba awọ ara wọlé. Òrí tí a fi pa á a máa jẹ́ kó tètè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìfọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń pọ́n ojú, bó bá sì pọ̀ jù, á dé ọpọlọ.

Mo bi í bóyá káńfọ̀ ló pa ọmọ àkọ́kọ́.

Ó wò mí pẹ́. "Mi ò lè búra sí i, sà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ èkejì."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo ní màá lọ bá Ìyá Sàfú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kó má tún ṣí àpótí yẹn mọ́. Àbẹ̀kẹ́ dúró lójú títì.

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ wé ọmọ wa nínú ohun tó pa á?"

Mo ní dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tó máa gbọ́ nìyẹn. Á sì máa gbọ́ ọ títí á fi kú."

Mo ń ronú kiri. Bí a bá dákẹ́, á ṣí àpótí. Bí a bá kó kúrò níbẹ̀, á bi wá ohun tí òun ṣe. Bí a bá kọ aṣọ rẹ̀ láìsọ ìdí, ìwọ̀sí ni. Oyún ń dàgbà, mò ń rìn káàkiri èbúté, mi ò rí ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́ ló rí i, kò sì bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Sàfú gbé àpótí sí àgbàlá, ó ń yọ aṣọ ọmọ síta ó ń gbọ̀n wọ́n. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ìyàwó mi tó kúnlẹ̀ tòun ti oyún.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ láti Kétu ni. Wọ́n ní èèwọ̀ ìdílé bàbá ọmọ ni. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan aboyún wọn, kò sì gbọdọ̀ kan ọmọ wọn títí á fi rìn."

Ìyá Sàfú wò mí. Èmi tí àwọn Fadá kọ́, tí mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ká ní ọ̀rọ̀ dókítà la gbé délé ni, wọn ìbá bá wa jiyàn dọ́la. Ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, kò sí yàrá tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹlòmíràn kì í jẹ ejò, ẹlòmíràn kì í fi ìgbálẹ̀ na ọmọ. Wọn kì í bi ara wọn ní ìdí. Ìyá Sàfú kó aṣọ padà sínú àpótí, ó gbé e lọ sílé àbúrò rẹ̀, ó sì pàṣẹ fún gbogbo ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, káńfọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń lé kiri. Obìnrin kan tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa nínú aṣọ òkè rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà. Bàbá Ẹ́fẹ̀, káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ló fi mí ṣẹ̀sín jù.

"Kotonú, so na káńfọ̀ una juju dey fear? My own dey chop am."

Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá rú èèwọ̀ náà. Mo ní bàbá wa kò sọ. Irọ́ pípa ṣòro fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn onímọ́tò dé Kétu. Nígbà tí mo tún bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ìgbà wo ni ìdílé wa ti ní èèwọ̀ káńfọ̀. Mo sọ fún un pé láti oṣù tó kọjá ni. Mo sọ ohun tí dókítà wí, mo sì sọ ìdí tí a kò fi lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Sàfú. Wáyà ń hó. Mo rò pé wọ́n ti já a.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí. "A ti ní i."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo sì jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Mo ti máa ń rò pé Kétu ni ohun gbogbo tó jẹ́ tiwa ti ń wá, pé bí àwa bá ṣe ń pẹ́ sí ní Èkó ni à ń pàdánù rẹ̀ sí i. Ohun kan wá ti Ajégúnlẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì gbà á láìjanpata.

Obìnrin ni a bí. Aṣọ tuntun ni mo rà, Àbẹ̀kẹ́ sì ti fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sí oòrùn gidi. Láti ọjọ́ tí a gbé e délé, ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ní ọ̀sán, màá fi oúnjẹ mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, màá sáré gba àárín koríko àwọn máńjà kọjá, kí n lè wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé ó pọ́n díẹ̀. A gbé e lọ bá dókítà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ ìka mọ́ iwájú orí rẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ń pọ́n díẹ̀, pé èyí fúyẹ́, kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú dáadáa. Mi ò gbà á gbọ́. Mò ń wò ó. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ yé wo ojú ọmọ yìí. Ẹ wo ọmọ fúnra rẹ̀."

Ohun kan tún ń dà mí láàmú. Ìyá Sàfú kò wọ yàrá wa. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí wa, á béèrè bóyá ọmọ mu ọmú, á yí padà. Òun tó wẹ ọmọ àkọ́kọ́ fún wa. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, pé ó ń bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àwọn àlejò tó dé, ó kan ilẹ̀kùn. Bùbá iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tó ṣì tutù lára rẹ̀, ló wọ̀, àti tòbí abẹ́ ìró, kò ró ìró. Ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, nínú tòbí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbà kọjá. Mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní gbogbo ìró òun pátá ló ń rùn, òun ti fọ̀ wọ́n fọ̀ wọ́n, kò lọ, òun sì fẹ́ gbé ọmọ òun.

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó. Kò tíì na ọwọ́.

"Ìyàwó, èèwọ̀ yìí. Ṣé ó ti wà nígbà ti àkọ́kọ́?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Rárá, ìyá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa. Kò sí ẹni tó mọ̀."

"Kò sí ẹni tó mọ̀," ni Ìyá Sàfú wí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹsẹ̀. "Èmi náà bí mẹ́ta kí n tó bí Sàfú. Ojú wọn pọ́n bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó yè. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo bí Sàfú sí ní tirẹ̀, a ò gbé àpótí lọ."

Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Ìyá Sàfú gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ díẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọmọ náà yọ ohùn, ó ń bínú.

"Ó funfun," ló wí. Ó wá yíjú sí wa. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

A sọ ọ́ fún un, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́ ọ.